Ọkùnrin Tó Wá Tọrọ Ọ̀rọ̀ Kan

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mọ Monísọ́lá Akínlóyè sí ìyàwó dókítà eyín ní Eccles, nítòsí Manchester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè, tó máa ń jókòó sẹ́yìn pátápátá kí ó lè tètè jáde. Díẹ̀ nínú wọn ló mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Bí ẹnìkan bá bi í, á ní òun ń túmọ̀ ìwé fún àwọn lọ́yà. Bí onítọ̀hún bá tún bi í pé èdè wo, tó sì dáhùn pé èdè Ìtálì ni, wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á ṣebí ó ń ṣàwàdà. Ọmọ Ọ̀wọ̀, kí ló pa òun àti èdè Ìtálì pọ̀?

Sístà Kátólíìkì kan ló fà á. Ọmọ Ìtálì ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìránṣọ ní Ọ̀wọ̀, ó sì ṣàkíyèsí pé ọmọ kan wà láàárín wọn tí kì í gbàgbé ọ̀rọ̀ tí òun bá fi èdè òun kùn jáde. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ bí eré di ẹ̀kọ́. Nígbà tí Monísọ́lá parí ilé ìwé girama, sístà náà wá sikọ́láṣíìpù fún un. Ó dé Perugia ní Ìtálì, lẹ́yìn náà ó dé Bologna. Lọ́dún kan tó wá kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Manchester ni eyín bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ọ̀dọ̀ ẹni tó bá a yọ ọ́ ni kò sì kúrò mọ́. Bí òun àti Theophilus ṣe di tọkọtaya nìyẹn, tí wọ́n bí Fúnmi, tí Eccles fi di ilé.

Iṣẹ́ kò wọ́n ọn nígbà náà. Àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ tó ṣẹ́ kù ní agbègbè Manchester ń bá àwọn ará Ìtálì dòwò pọ̀, níbi tí òwò bá sì wà, ìjà kì í jìnnà. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé tí wọ́n ń kó wá bá a jẹ́ ti àwọn olùdarí ilé iṣẹ́ tó ṣe ohun tí kò yẹ kí wọ́n ṣe. Ó sì ní ọgbọ́n kan tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni: bí ọ̀rọ̀ òfin kan bá ta kókó, á kọ́kọ́ gbé e gba inú Yorùbá kọjá kó tó mú un dé Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará Ìtálì ní dolo, wọ́n sì ní colpa. Lójú Monísọ́lá, dolo ni àmọ̀ọ́mọ̀ṣe, ti ẹni tó mọ̀ pé iná ni tó sì fi í sórí òrùlé. Colpa ni ti ẹni tó gbàgbé iná sídìí ààrò. Ilé méjèèjì ló jó, ṣùgbọ́n ẹjọ́ wọn kò lè dọ́gba. Ó lè fi odidi òwúrọ̀ kan wo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kó máa yí i wò bí ẹni tó ń yan iṣu lọ́jà.

Ní ìgbà òtútù ọdún 1987, Richard Ṣàngótúndé pè é lórí fóònù. Manchester ni wọ́n bí Richard sí. Ìyá rẹ̀ àti Monísọ́lá jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni. Ó ti di lọ́yà, ó ní ọ́fíìsì nítòsí Albert Square, ṣùgbọ́n Yorùbá rẹ̀ ṣì ń tiro.

Ó ní, “Ẹ káàsán o, Àǹtí. Mo ní one big file fún yín. Ó le díẹ̀.”

Ìwé ẹ̀sùn ni, láti ilé ẹjọ́ kan ní Biella, ìlú tí wọ́n ti ń hun aṣọ wúlù ní àríwá Ìtálì. Ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kan ti kógbá wọlé níbẹ̀. Olùdarí rẹ̀ jẹ́ méjì, Ettore Brambati àti ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀sùn náà ni pé nígbà tí wọ́n rí i pé ilé iṣẹ́ ń wó lọ, wọ́n tú àwọn ẹ̀rọ ìhunṣọ tó dára jù, wọ́n kó wọn kọjá ẹnubodè, wọ́n sì fi wọ́n pamọ́ sí ilé ìkẹ́rùsí kan ní Trafford Park, ní Manchester níbí, lábẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ mìíràn. Àwọn òṣìṣẹ́ dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, wọ́n bá ilẹ̀ lásán pẹ̀lú ojú ibi tí ẹ̀rọ wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti mú ẹ̀gbọ́n ìyàwó. Brambati ní tirẹ̀ ti wà ní Ashton-under-Lyne, lẹ́bàá Manchester, pẹ̀lú aya rẹ̀, ìjọba Ìtálì sì ń béèrè kí Gẹ̀ẹ́sì fi í ránṣẹ́ sílé. Adájọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka ẹ̀sùn náà ní Gẹ̀ẹ́sì, kó lè mọ̀ bóyá ohun tí ọkùnrin náà ṣe jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ nílẹ̀ yìí pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ tó dá Monísọ́lá dúró nínú rẹ̀ ni distrazione. Bí o bá gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá nílé ní Ìtálì, ọkàn tó ń rìn gbéregbère ni, ọmọ tó ń wo ojú fèrèsé nígbà tí tíṣà ń sọ̀rọ̀. Ní ilé ẹjọ́, ó di ohun mìíràn: kí ènìyàn yí ohun ìní ilé iṣẹ́ kúrò lọ́nà àwọn tó tọ́ sí. Ó gbé e gba inú Yorùbá. Ó yà á kúrò lójú ọ̀nà. Ó sọ ohun olóhun di tirẹ̀. Gbólóhùn méjèèjì ló lè dúró, èyí sì ni wàhálà. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ tó rọ̀ fún ti àkọ́kọ́, diversion, ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n ń kọ sí pátákó nígbà tí wọ́n bá ń gbẹ́ títì, tí mọ́tò ní láti gba ibòmíràn. Ó ní ọ̀rọ̀ tó le fún ìkejì, misappropriation, ọ̀rọ̀ tó fẹ̀gbẹ́ kan olè. Ó tún ìwé ẹ̀sùn náà kà láti òkè dé ilẹ̀, ó rí i pé ọ̀rọ̀ “ẹ̀tàn” ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ distrazione níbi gbogbo. Ló bá mú èyí tó le. Ó fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé, ó kọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí, ó sì fi í ránṣẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kùrukùru bo gbogbo Eccles, tí Theophilus wà ní kíléníìkì, tí Fúnmi kò sì tí ì ti ilé ìwé dé, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Ọkùnrin arúgbó kan ló dúró síta. Irun rẹ̀ funfun, kóòtù rẹ̀ jẹ́ ojúlówó ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ ti gbó. Ó ṣí fìlà, ó fi èdè Ìtálì sọ pé Ettore Brambati ni òun, ó ní orúkọ Sìnyọ́rà, bí àwọn ará Ìtálì ṣe ń pe ìyáàfin, ni òun rí nísàlẹ̀ ìwé tí wọ́n fún òun.

Monísọ́lá mọ̀ pé kò tọ́ kí òun gbà á sílé. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà ni, òtútù sì mú. Kò lè dá arúgbó dúró sẹ́nu ọ̀nà bí alágbe. Ó mú un wọ yàrá òkè tó ti ń ṣiṣẹ́, nítorí ibẹ̀ nìkan ni híítà wà ní títàn, ó fi àga kejì lọ̀ ọ́, ó sì po tíì fún un.

Ọkùnrin náà ní, “Sìnyọ́rà, ọ̀rọ̀ kan ni mo wá tọrọ lọ́wọ́ yín. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan péré.”

Ó ṣàlàyé ara rẹ̀ láìbínú. Ó ní bí òun bá fi àwọn ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀, wọn ìbá ti lù wọ́n tà bí àlòkù irin. Òun bá wọn dàgbà ni. Bàbá òun ló ra èyí tó dàgbà jù nínú wọn. Ohun tó wà lọ́kàn òun ni kí òun tún iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Trafford Park, kí òun sì ránṣẹ́ pe àwọn òṣìṣẹ́ òun ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun yà wọ́n sápá kan ni, òun kò jalè, ohun tí ọ̀rọ̀ náà sì wí ní èdè wọn gan-an nìyẹn. Kí ló dé tí Sìnyọ́rà fi lọ wá ọ̀rọ̀ olè sí i?

Monísọ́lá bi í léèrè pé, “Ṣé ẹ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ yín kí ẹ tó kó wọn lọ?”

Ó ní rárá.

“Bí ọ̀rọ̀ yẹn bá dá dúró, mo lè mú un rọ̀ fún yín, sà,” ni Monísọ́lá wí. “ Kò dá dúró. Ẹ̀tàn ló dì í lọ́wọ́ mú.”

Ọkùnrin náà kò jiyàn. Ó mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí dókítà sọ ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ fún. Ó mu tíì rẹ̀ tán, ó dúpẹ́, ó sì béèrè bóyá ọ̀nà tó gba etí kánààlì, odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ yẹn, lè mú òun dé Trafford Park kí ilẹ̀ tó ṣú. Monísọ́lá ní ó lè mú un débẹ̀, ṣùgbọ́n kùrukùru pọ̀, kó wọ bọ́ọ̀sì. Ó ní ìrìn á ṣe òun lóore. Ó dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó de bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé ọrùn. Monísọ́lá wò ó láti ojú fèrèsé títí kùrukùru fi gbé e mì.

Wọ́n rí òkú rẹ̀ nínú kánààlì lọ́jọ́ kejì, lápá Barton. Richard ló pe Monísọ́lá láti sọ fún un, kò sì mọ̀ pé ọkùnrin náà ti wá sílé rẹ̀. Nígbà tí Monísọ́lá sọ fún un, Richard ní, “Àǹtí, ẹ ní láti sọ fún ọlọ́pàá o.” Ó sọ fún wọn, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ní wọn á pè é nígbà tí wọ́n bá ń wádìí ikú náà.

Láti ìgbà yẹn ni yàrá òkè kò ti jẹ́ tirẹ̀ nìkan mọ́. Kò rí nǹkan kan. Bí ó bá jókòó sídìí tàípúráítà, tó ń wá ọ̀rọ̀ kan tí kò tètè wá, á kàn mọ̀ pé ẹnìkan wà lórí àga kejì tí òun náà ń dúró de ọ̀rọ̀ náà. Òórùn odò á wá, òórùn omi tí kì í ṣàn. Bí ó bá yíjú, kò sí ẹnikẹ́ni. Ó tan híítà títí ojú gíláàsì fi ń làágùn, síbẹ̀ àga náà tutù bí o bá fọwọ́ kàn án.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó rò pé àárẹ̀ ni, tàbí ìbànújẹ́. Ọjọ́ tó ti Ashton dé, ibi tó lọ ra aṣọ kótìnì nínú ọjà, ló bá Fúnmi ní kíṣínì tó ń jẹ búrẹ́dì. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Kò gbọ́ Ìtálì rárá. Kò tilẹ̀ fẹ́ kọ́ ọ.

Fúnmi ní, “Mọ́mì, kí ni parola?”

Monísọ́lá béèrè ibi tó ti gbọ́ ọ. Fúnmi ní lókè ni, òun rò pé Mọ́mì ló ń kàwé sókè bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ó ní ohùn náà ń sọ ọ́ léraléra, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Ó wá wo báàgì ọwọ́ ìyá rẹ̀ àti kóòtù tí kò tí ì bọ́, ó sì gbé búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ni parola. Ọ̀rọ̀ kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbà yẹn ni ó tó sọ gbogbo rẹ̀ fún Theophilus. Ọkùnrin tó gba sáyẹ́ǹsì gbọ́ ni Theophilus, ṣùgbọ́n kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gòkè lọ, ó dúró nínú yàrá náà fún ìgbà díẹ̀, ó sì gbé àga kejì sọ̀kalẹ̀ wá sínú gáréèjì. Ó pe Fàdá, Fàdá wá gbàdúrà, ó wọ́n omi mímọ́ sí igun yàrá. Ara tu ilé náà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà òórùn odò tún dé.

“Ìyá Fúnmi, ṣé ọ̀rọ̀ tí o kọ yẹn kò tọ́ ni?” Theophilus bi í bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan tí wọ́n jọ ń fọ àwo.

“Ó tọ́.”

“Kí ló wá ń wá?”

Monísọ́lá ní òun kò mọ̀. Ó ní bóyá ọ̀rọ̀ tó tọ́ náà máa ń pa ènìyàn.

Nígbà tí ìwádìí ikú bẹ̀rẹ̀, yìnyín bo ilẹ̀. Kọ́rónà, adájọ́ tó ń wádìí bí ènìyàn ṣe kú, ti pe ògbufọ̀ kan láti Liverpool kó wá gbẹnu sọ fún opó náà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin kò rìn. Monísọ́lá jókòó láàárín àwọn ẹlẹ́rìí. Kọ́rónà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kò bá ìlànà mu, ṣùgbọ́n bí opó bá fara mọ́ ọn, kí Ìyáàfin Akínlóyè bá wọn túmọ̀. Opó náà, Sìnyọ́rà Adele, obìnrin kúkurú kan tó wọ dúdú, yíjú sí i. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n rí ara wọn nìyẹn. Ó ní òun fara mọ́ ọn. Ó ní ẹni yìí gan-an ni òun fẹ́.

Kọ́rónà béèrè bí ọkọ rẹ̀ ṣe rí ní ọjọ́ tó kẹ́yìn. Sìnyọ́rà Adele dáhùn ní gbólóhùn kan: “Era distratto.”

Ọ̀rọ̀ yẹn náà ni. Ìdílé kan ni òun àti distrazione, ọmọ bàbá kan náà. Ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀, ni obìnrin náà wí. Ṣùgbọ́n ọkàn tí kò sí níbẹ̀ lè jẹ́ ti ẹni tí kò wo ibi tó ń tẹ̀, tó yọ̀ ṣubú. Ó sì lè jẹ́ ti ẹni tí ìrònú ti gbé kúrò láyé kó tó dé etí omi. Èyí tó bá bọ́ lẹ́nu òun ni wọ́n máa kọ sílẹ̀ nípa ikú ọkùnrin náà. Ó yan gbólóhùn tó wà láàárín méjèèjì, ó ní ọkàn rẹ̀ wà níbòmíràn. Kọ́rónà kò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí ó bi opó bóyá ìbànújẹ́ ni ó ní lọ́kàn, tàbí àìkíyèsí lásán.

Monísọ́lá bi í. Sìnyọ́rà Adele tẹjú mọ́ ọn.

“Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, Sìnyọ́rà. Ẹ̀yin lẹ rí i kẹ́yìn.”

Ohun tó tọ́ kí ògbufọ̀ ṣe ni kó túmọ̀ ohun tó gbọ́, ó sì túmọ̀ rẹ̀: ó sọ fún Kọ́rónà pé obìnrin náà ní ògbufọ̀ fúnra rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Kọ́rónà bá gbé ìbéèrè náà kà á láyà. Kí ló rí? Ó sọ bí ọkùnrin náà ṣe dúpẹ́ tíì, bó ṣe béèrè ọ̀nà Trafford Park, bó ṣe de bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn bí ẹni tí kò fẹ́ kí òtútù mú òun. Ó sọ ohun tí ọkùnrin náà wá tọrọ àti pé òun kò fún un. Èyí tó kọjá bẹ́ẹ̀, ó ní òun kò mọ̀. Kọ́rónà ní òun náà kò lè mọ̀. Ó fi ìdájọ́ sílẹ̀ ní ṣíṣí, pé kò sí ẹni tó lè sọ bí Ettore Brambati ṣe dénú omi.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ìdájọ́ Biella dé, Richard sì tún gbé e wá. Wọ́n ti rán ẹ̀gbọ́n ìyàwó lọ sẹ́wọ̀n. Ní ti Brambati, wọ́n ní ẹjọ́ rẹ̀ parí nítorí ikú, ọ̀rọ̀ tí òfin Ìtálì sì fi ń pe òkú nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ni reo, ẹni tó dẹ́ṣẹ̀, bí wọn kò tilẹ̀ dá a lẹ́bi rí. Monísọ́lá wo ọ̀rọ̀ náà. Àga kejì ti pẹ́ ní gáréèjì, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹnìkan wà lẹ́yìn òun tó ń dúró. Ó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé “ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn”. Kò sí lọ́yà tí á ní kò tọ́. Síbẹ̀ kò mọ̀ bóyá òfin ló mú òun kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ tàbí ẹni tó dúró lẹ́yìn òun.

Ó fúnra rẹ̀ mú ìwé náà lọ sí Ashton, ó kà á sétígbọ̀ọ́ opó. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kí ara wọn. Wọn kì í sọ̀rọ̀ ọkùnrin náà. Sìnyọ́rà Adele a máa se ọbẹ̀ ẹ̀wà fún un, Monísọ́lá a máa bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà, á bá a sọ ibi tó ń dùn ún.

Ní ìgbà ìrúwé ọdún 1993, opó náà ní òun ń padà sí Biella, ọ̀dọ̀ àbúrò òun. Theophilus fi mọ́tò gbé wọn lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Wọ́n ti gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó ti fẹnu ko Monísọ́lá lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì, kó tó di ọwọ́ rẹ̀ mú tí kò fi sílẹ̀.

Ó ní, “Ṣé ó ṣì ń wá sọ́dọ̀ yín?”

Monísọ́lá kò sọ ọ́ fún un rí. Kò tilẹ̀ mọ bó ṣe mọ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣì ń wá.

“Kò wá sọ́dọ̀ mi rí,” ni Sìnyọ́rà Adele wí. “Àní lójú àlá.”

Ó yíjú, ó wọlé lọ láàárín àwọn arìnrìnàjò, pẹ̀lú kóòtù dúdú rẹ̀ àti báàgì ọwọ́ tó gbé mọ́ra bí ọmọ.

Òjò ń rọ̀ nígbà tí wọ́n ń padà sílé. Theophilus béèrè ohun tí obìnrin náà sọ fún un gbẹ̀yìn. Monísọ́lá ń wo omi tó ń ṣàn lójú gíláàsì mọ́tò. Ó ní ariwo pọ̀ níbẹ̀, òun kò gbọ́ ọ dáadáa.